Ìwé Kíkà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Fámásì: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́mísítà kan tí àwọn àbúrò tó ń ka fámásì kì í pè mí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí léraléra, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n yéé fi vóìsì nóòtì oníṣẹ́jú mẹ́wàá da àwọn èèyàn láàmú. Iṣẹ́ apoògùn ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe olùkọ́. Ohun tí mo rí, tí mo sì jìyà ẹ̀, ni mò ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n, A ni mo gbé jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kí ló dé tí fámásì ń nà mí báyìí?

Ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, o lè kà á lọ́sẹ̀ ìdánwò kó o sì yege. Ọdún kìíní ní yunifásítì náà ò burú: físíìsì, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì, ojúlùmọ̀ rẹ ni gbogbo wọn. Ọdún kejì lọ̀rọ̀ ń yí bìrí. Physiology, biochemistry, anatomy, pharmaceutics (bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn), pharmacognosy (oògùn tó ń ti ara ewé àti igi wá), gbogbo wọn á dé lẹ́ẹ̀kan náà, lábù á sì gùn ún láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. O ò tíì parí ríipọ̀tì lábù ti àná, olùkọ́ mìíràn ti ju PDF olójú ewé 60 sórí WhatsApp kíláàsì.

Máàkì náà le. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé fámásì ní Nàìjíríà, 50 lèèyàn fi ń kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní ẹ̀ka mìíràn á gba 47, á dúpẹ́, á lọ jẹun. Ìwọ tó o gba 47, o máa tún kọ́ọ̀sì náà ṣe ni.

Èyí tó tún wá burú jù ni pé wọ́n so ẹ̀kọ́ náà mọ́ra wọn. Ọdún 5 ni B.Pharm, Pharm.D tó ti ń gba ipò rẹ̀ sì jẹ́ ọdún 6. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ lọ́dún kejì nípa bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á gbé e padà wá nígbà tó bá kan oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀. Tó o bá ti gbàgbé ti àkọ́kọ́, wàá máa kọ́ méjèèjì pọ̀ lálẹ́ kan ṣoṣo. Ọpọlọ rẹ ò kú. Ẹrù ló pọ̀ sí i, orí kan náà lo sì fi ń rù ú.

Mo ka nóòtì yìí lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo dé họ́ọ̀lù, gbogbo ẹ̀ fò lọ. Àbí wọ́n ń ṣe mí ni?

Kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹ́. Ojú rẹ ló ti mọ nóòtì náà. Wo ilé kan tó o ń gba iwájú ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Tó o bá rí i, wàá dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kó o jókòó síbòmíràn kó o sọ iye fèrèsé tó wà níwájú ẹ̀, ẹnu á wọhò. Bí nóòtì tó o kà ní àkàtúnkà ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó o bá ṣí i, ara rẹ á sọ pé "mo mọ eléyìí", ìdánwò kì í sì í ṣí nóòtì fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì kan, Roediger àti Karpicke, dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní Washington University nílùú St. Louis ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ti àyọkà kan lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n máa kà á. Àwọn mìíràn jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á ṣáá ló borí: wọ́n rántí nǹkan bí ìdá 83 nínú 100, àwọn yòókù rántí 71. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ti àwọn tó ń kà á ṣáá já wá sí 40, àwọn tó ń dán ara wọn wò ṣì dì 61 mú. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ ni pé àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin yẹn gan-an ló fọwọ́ sọ̀yà jù pé àwọn á rántí.

Èmi náà rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì. Mo fi máákà yẹ́lò kun nóòtì pharmaceutics títí kò fi sí ìlà tí ò ní àwọ̀ mọ́.

Báwo wá ni mo ṣe máa kà á?

Jẹ́ ká mú oògùn kan. Ká ní propranolol ni wọ́n kọ́ yín láàárọ̀ yìí. Lálẹ́, fara balẹ̀ ka nóòtì náà lẹ́ẹ̀kan. Pa á dé. Mú bébà òfìfo kan (ẹ̀yìn ríipọ̀tì lábù tí wọ́n ti máàkì ló dáa jù, bébà ti wọ́n). Bi ara ẹ: kí ló ń dí? Níbo ni nǹkan tó ń dí yẹn wà nínú ara? Kí ló ń ṣe fún ọkàn? Ta ni ò gbọ́dọ̀ lò ó, kí sì ni ìdí ẹ̀?

Wàá kọ pé ó ń dí beta receptor, ibi tí adrenaline ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì. Wàá kọ pé ó ń dín ìlù ọkàn kù, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á dúró. O mọ̀ pé olùkọ́ sọ nǹkan kan nípa oníkọ́ fée (asthma), o ò rántí kí ni. Ìdí báírò á ti bọ́ sẹ́nu. Ojú á máa lọ síbi nóòtì. Má ṣí i. Jókòó síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kó máa yọ ẹ́ lẹ́nu bí ẹran tó há sí èèyàn léyín. Lẹ́yìn náà ni kó o wá ṣí i, wàá sì rí i: beta 2 wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀nà èémí là, propranolol ò mọ beta 1 yàtọ̀ sí beta 2, ó ń dí méjèèjì pa, èémí oníkọ́ fée á sì há. O ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́ bọ̀rọ̀, torí pé o ti wá a títí kó o tó rí i.

Fi báírò pupa kọ gbogbo ohun tó o gbàgbé sínú bébà yẹn. Ohun tó pupa nìkan ni iṣẹ́ ọ̀la.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, tún ṣe é láìwo nóòtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tún ṣe é. Kí oṣù tó parí, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nígbà yẹn. Ará Jámánì kan, Ebbinghaus, ti kọ ọ́ láti 1885 pé kíá ni ohun téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ máa ń jò dànù, àti pé kíkọ́ ọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn ju kéèyàn kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan. Tí káàdì bá wù ẹ́ ju bébà lọ, wá páálí bàtà kan, pín in sí yàrá bíi márùn-ún. Èyí tó o bá gbà á sún síwájú, wàá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. Èyí tó o bá kùnà padà sí yàrá kìíní, ọ̀la lo tún máa rí i. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Leitner ló gbé ọgbọ́n yẹn jáde nínú ìwé ní 1972. Áàpù tó ń jẹ́ Anki ń ṣe é lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni lórí Android. Ẹ̀yin oní-iPhone lẹ máa sanwó, ẹ kú ìnáwó.

Wákàtí mélòó ló yẹ kí n máa kà lójúmọ́?

Má fi wákàtí wọ̀n ọ́n. Mo mọ ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́fà ní láíbìrì, mẹ́rin nínú ẹ̀ orí TikTok ló wà. Oògùn mélòó lo lè ṣàlàyé lálẹ́ yìí tó ò lè ṣàlàyé láàárọ̀? Iye yẹn ni kó o kà.

TDB (till daybreak) ńkọ́? Òru ni ìwé máa ń wọ̀ mí lórí jù.

Tó bá jẹ́ pé òru lo máa ń kàwé tó o sì ń fi ọ̀sán sùn dáadáa, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n TDB tí mo mọ̀ ni kéèyàn kàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó ti kíláàsì náà bọ́ sí họ́ọ̀lù ìdánwò. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kó jọ lọ́sàn-án. Ẹni tí ò sùn dà bí ẹni tó lọ ra ọjà, tó já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Kọfí ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ fámásì ni ẹ́, ṣírò ó fúnra ẹ. Half-life caffeine inú kọfí, ìyẹn àkókò tí ìdajì ẹ̀ fi ń kúrò lára, jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 5 nínú àgbàlagbà tí ara ẹ̀ dá. Tó o bá mu ún laago mẹ́wàá alẹ́, bí ìdajì ẹ̀ ṣì wà lára rẹ laago mẹ́ta òru. Kó o wá máa ṣàròyé pé oorun ò kùn ẹ́.

Ti tramadol àti àwọn hóró mìíràn tí wọ́n ń pín kiri hósítẹ́ẹ̀lì pé ó ń lé oorun, mi ò ní ṣe àwàdà lórí ìyẹn. Tramadol máa ń fa gìrì, pàápàá tó bá pọ̀, ó sì máa ń di bárakú. Ìwọ tó o fẹ́ di ẹni tí aráàlú á máa bi léèrè nípa oògùn.

Orúkọ ewé inú pharmacognosy ò wọ̀ mí lórí rárá. Látín ni gbogbo ẹ̀.

Ibí yìí ni ọmọ Yorùbá ti láǹfààní jù, a ò kàn ń lò ó ni. Wọ́n gbé *Rauvolfia vomitoria* síwájú ẹ, o ń há a sórí bí orin òyìnbó. Asofẹ́yẹjẹ mà ni! Igi tó ń so fún ẹyẹ jẹ. Bi àwọn àgbà oníṣègùn pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n á ní àwọn ń fi tọ́jú wèrè. Reserpine wà nínú ẹ̀. Òyìnbó náà lò ó fún àrùn ọpọlọ àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí noradrenaline, dopamine àti serotonin, àwọn kẹ́míkà tí iṣan ìmọ̀lára (nerve) fi ń ránṣẹ́, rí ibi sá pamọ́ sí nínú iṣan náà, wọ́n á sì ṣòfò dànù. Tó o bá mọ ìyẹn, wàá rí ìdí tí ara fi ń rọlẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wálẹ̀, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì fi lè bá ẹni tó ń lò ó. *Vomitoria* náà, gbọ́ ọ dáadáa: èébì wà nínú orúkọ yẹn.

Orúkọ Látín máa ń sọ̀tàn. *Azadirachta indica*, dóńgóyárò, *indica* ń sọ fún ẹ pé ó tan mọ́ Íńdíà. *Garcinia kola* ni orógbó. *Vernonia amygdalina* ni ewúro inú ọgbà ìyá rẹ. Nígbà tó o bá lọ sílé, rìn yí ilé ká kó o máa dárúkọ wọn. Kí wọ́n rò pé orí rẹ ti dàrú, wọ́n á gbà láìpẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni *Physostigma venenosum*, ẹ̀wà Calabar. *Venenosum*, májèlé. Àwọn ará Calabar àtijọ́ máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ: ẹni tó bá kú jẹ̀bi, ẹni tó bá bì í jáde mórí bọ́. Physostigmine tó wà nínú ẹ̀ ló ń dí acetylcholinesterase lọ́wọ́, ìyẹn èròjà ara tó ń fọ́ acetylcholine, kẹ́míkà mìíràn tí iṣan fi ń ránṣẹ́; acetylcholine á wá pọ̀ jù. Fojú inú wo ẹni tó jẹ ẹ́: itọ́ ń dà, ọmọlójú ti fún, inú ń rú, ọkàn ń lù díẹ̀díẹ̀, èémí ń há. Gbogbo àmì tí wọ́n máa bi ẹ́ nípa cholinergic (iṣẹ́ acetylcholine) ló dúró síwájú ẹ yẹn, lára èèyàn kan ṣoṣo. Ohun tí oògùn atropine sì ń ṣe, òdìkejì ẹ̀ ni.

Ìṣirò ni wàhálà tèmi.

Kíkà kọ́ ni wọ́n ń ka ìṣirò. Báírò ni. Wo èyí: ọmọ kan wúwo tó kílò 12. Wọ́n kọ paracetamol fún un, miligíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ṣírọ́ọ̀pù tó wà lórí káńtà, miligíráàmù 120 ló wà nínú mililítà 5 ẹ̀. Mélòó la máa wọ̀n fún un?

15 lọ́nà 12, 180 miligíráàmù. 120 pín sí 5, ìyẹn 24 nínú mililítà kan. 180 pín sí 24, mililítà 7.5. Síbí kan àbọ̀, tó bá jẹ́ síbí mililítà 5.

Má tíì sọ báírò kalẹ̀. Bi ara ẹ pé: ṣé ó jọ òótọ́? Ká ní àmì désímà ló tàn ẹ́ tó o kọ 75, ìyẹn ju odindi ìgò mililítà 60 lọ. Ìyá wo ló máa da ìgò kan àti ìdá mẹ́rin ìkejì ẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan? Ìbéèrè kékeré yẹn ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ òdo. Èyí tó tún ń pa wọ́n ni máíkírógíráàmù. 1,000 ẹ̀ ló wà nínú miligíráàmù kan. Levothyroxine 100 máíkírógíráàmù, 0.1 miligíráàmù ni. Ṣe ìṣirò mẹ́ta lójúmọ́, kó o pa oríṣi wọn pọ̀ mọ́ra, kó má jẹ́ pé ogún oríṣi kan náà lo ń ṣe títí á fi sú ẹ.

Ṣé ó dáa kéèyàn gbára lé past question?

Ó dáa kéèyàn lò ó. Kó o jókòó, kó o fi aago síwájú, kó o dáhùn láìwo ìwé. Ohun tí ò dáa ni kéèyàn ra èyí tí wọ́n ti dáhùn sílẹ̀ níbi fọ́tòkọ́pì kó wá há ìdáhùn sórí. Mo ti rí èyí tí ìdáhùn inú ẹ̀ kò tọ̀nà, gbogbo kíláàsì sì gbé àṣìṣe kan náà fún olùkọ́.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní "visual learner" ni mí, àwòrán nìkan ló máa ń yé mi.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Pashler, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò ní 2008, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti gbè é lẹ́sẹ̀. Ya àwòrán, ó dáa. Kó o pa á dé, kó o tún un yà láìwò ó.

Ṣé kí n máa kàwé pẹ̀lú àwọn èèyàn?

Ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin, tí gbogbo yín ti ka ìwé kí ẹ tó pàdé. Kí kálukú dìde kó kọ́ àwọn yòókù ní nǹkan kan, kí ẹ sì máa bi í ní ìbéèrè tí ò ní jẹ́ kó sá. Tó bá jẹ́ pé efiko kan ló ń sọ̀rọ̀, tí ẹ̀yin yòókù ń mi orí, efiko yẹn nìkan ló ń kàwé níbẹ̀.

Èmi ìyá ọmọ ni. Ọmọ mi tó ń gba A tẹ́lẹ̀ ti carry-over kọ́ọ̀sì méjì: ó kùnà wọn, ó máa tún wọn ṣe. Ṣé kí n gbà á kúrò ní fámásì?

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdààmú ọkàn, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà á kúrò. Ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, àti ẹni tó ń bá rìn. Ẹ bi í bóyá òun ló yan fámásì, àbí ẹ̀yin. Tó bá ní òun fẹ́ ẹ, ọ̀nà tó ń gbà kàwé lẹ máa bá a tún ṣe. Ẹ má fi ọmọ Màmá Bíọ́lá wé e. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé kì í jáde nínú yàrá mọ́, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ọn mọ́, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé.

Ìwọ ẹ̀gbọ́n, ṣé o ti carry-over rí?

Mo ti gbé e. Pharmaceutical chemistry, 43. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, mo fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà mi lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ìlà òkè ni mo ń wò. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi sọ pé olùkọ́ kórìíra mi. Nígbà tí mo ráyè wo ìwé tí mo kọ, ojú tì mí: gbogbo ibi tí wọ́n ti ní kí n "dárúkọ", mo gbà á, gbogbo ibi tí wọ́n ti ní kí n "ṣàlàyé ìdí", mo kàn ń yí ọ̀rọ̀ po ni. Tí carry-over bá bá ẹ, lọ wo ìwé rẹ tí wọ́n bá gbà fún ẹ. Má jẹ́ kó dúró di sẹ́mísítà tí wàá tún un kọ. Ojúmọ́ kan, ìbéèrè kan, láti ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn tí mo bá jáde, ta ló máa bi mí ní nǹkan wọ̀nyí?

Ọdún kan lo máa fi ṣe ìntáńṣípù, ìdánwò Pharmacy Council of Nigeria sì ń dúró dè ẹ́ kí wọ́n tó forúkọ rẹ sílẹ̀. Ìyẹn kéré. Dúró di ọjọ́ tí màmá kan bá wọlé wá pé orúnkún ń dun òun, kó o fún òun ní ibuprofen. O bi í pé oògùn wo ló ń lò nílé. Ó yọ ọ̀rá dúdú jáde: lisinopril àti hydrochlorothiazide, fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Hydrochlorothiazide ń dín omi ara kù. Lisinopril ń tú ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú àsẹ́ kíndìnrín. Ibuprofen fẹ́ wá fún ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ lè ba kíndìnrín màmá náà jẹ́. Kò sáyè láti ṣí PDF. Èèyàn mẹ́rin tò sẹ́yìn ẹ̀, ọlọ́kadà rẹ̀ ń fun fèrè níta. Ìwé kíndìnrín ọdún kejì yẹn lo máa fi sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ ká wo nǹkan mìíràn."

Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

O ò lè ka gbogbo ẹ̀, má tan ara ẹ. Lónìí, to àkòrí jọ, mú èyí tí wọ́n máa ń bi jù, ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, pa á dé, kọ ohun tó o rántí. Lọ́la, èyí tó pupa nìkan, lẹ́yìn ẹ̀ past question ọdún méjì pẹ̀lú aago. Lọ́jọ́ kẹta, pupa tó ṣẹ́ kù. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, kó báírò méjì, kalikulétọ̀ àti káàdì ìdánimọ̀ sínú báàgì, fún ẹlòmíràn ní fóònù rẹ, kó o lọ sùn.